Ìsanrajù Ọmọdé: Ohun Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Inú òwe yìí ni a ti tọ́ èmi dàgbà, inú rẹ̀ náà ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ àwọn ọmọ tèmi. Ní ilé wa, ọmọ tí ó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù ni a máa ń fọwọ́ kàn lọ́rùn bóyá ara rẹ̀ gbóná. Èyí tí ó bá jẹ ẹ́ tán, tí ó fi ìka nu abọ́, òun ni ọmọ gidi. Bí ọmọ bá wá sanra, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí apá rẹ̀ rí bí apá ọmọ jòjòló, àwọn aládùúgbò a máa kí ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ kú ìtọ́jú o, mà. Ọmọ yín ń jayé." Ta ni inú rẹ̀ kò ní í dùn sí irú ìkíni bẹ́ẹ̀? Èmi gbọ́ ọ fún ọdún bíi mẹ́rin, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run ni."

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ ni èyí, kí o wá ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Láti orí ọmọ ọdún 5 títí dé orí ọmọ ọdún 19 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ó sì dá mi lójú pé o wà láàrin wọn. Bí ìwọ fúnra rẹ bá tilẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná, o lè ní àbúrò, o sì lè ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí o wà lára àwọn tí ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá, a sì rán aṣọ ilé ìwé tuntun fún un. Mo sọ fún aránṣọ pé kí ó fi àyè sílẹ̀ dáadáa nítorí pé ọmọ náà ń dàgbà. Kí ọdún ó tó parí, síìpù aṣọ náà kò pàdé mọ́. Mo gbé e padà lọ, wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2015, mo tún gbé e lọ. Aránṣọ yẹ aṣọ náà wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, kò sí ibi tí mo lè tú mọ́ o. Àfi kí a rán òmíràn." Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín.

Láàrin àkókò yìí kan náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní gbogbo ọjọ́rú. Olùkọ́ ni mí. Mo mọ ìrísí inú rírun tí ń mọ ọjọ́. Mo wo ìwé àkókò iṣẹ́ wọn, mo rí i pé ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣe eré ìdárayá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwa méjèèjì ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná, mo bi í léèrè. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé Àgbá ni wọ́n ń pe òun. Bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí pápá, gbogbo kíláàsì a máa fi ẹnu dún bí ìgbà tí àgbá òfìfo bá ń yí lórí òkúta. Mo bínú, mo ní n ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé wọn lọ́jọ́ kejì. Ọmọ náà kò gbé ojú sókè kúrò nínú ẹ̀wà tí ó ń ṣà. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní kí n jẹ ẹ́ tán?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tí ó gbà wá wọlé jẹ́ obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọmọ bọ́ bàtà, ó gbé e lé ìwọ̀n, ó wọn gíga rẹ̀ lára ògiri. Kílò 66, mítà 1.50. Ó pín 66 sí 1.50, ó rí 44. Ó tún pín 44 sí 1.50, ó rí 29.3. Ìṣirò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ náà lè ṣe é fún ara rẹ nínú ìwé iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe fi òṣùwọ̀n àgbàlagbà wọn ọmọdé. Àgbàlagbà tí ó bá dé 30 ni a ń sọ pé ó ti sanra jù. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ṣì ń ga, ara rẹ̀ sì ń yí padà lọ́dọọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní ọdún 2007 fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19, èyí tí ń wo ọjọ́ orí ọmọ, tí ó sì ya ti ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ti obìnrin. Nínú òṣùwọ̀n yìí, ọmọbìnrin ọdún méjìlá tí tirẹ̀ bá ti ju 25 lọ ti wọ inú ìsanrajù. Nọ́ọ̀sì fi ìka tọ́ ibi tí ọmọ mi wà lórí ìwé náà hàn mí. Kò sọ pé ó ń jayé.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè kan. Mo ní, ṣé kì í ṣe àjogúnbá ni? Nítorí ní ìdílé bàbá rẹ̀, ọkùnrin wọn sanra, obìnrin wọn sanra, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ wọn wọ́n ní. Nọ́ọ̀sì kò jiyàn. Ó ní òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé wà níbẹ̀, àwọn àìsàn kan àti àwọn oògùn kan sì wà tí ń mú ara wú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò wọ́pọ̀. "Ṣùgbọ́n, Màmá," ni ó wí, "èyí tí a kò lè yí padà, ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ ná. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ọmọ yìí jẹ, tí ó mu, tí ó sì ṣe lánàá fún mi, láti ìgbà tí ó jí. Ẹ má fi ọ̀kan pamọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bí mo ṣe ń kà á ni ojú ń tì mí.

Kí ó tó lọ sí ilé ìwé, ó jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì tí a fi ṣúgà púpọ̀ sí. Ní ìsinmi ọ̀sán, ó ra pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti mítì páì lọ́wọ́ àwọn tí ń tajà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Nígbà tí ó dé, ó jẹ ìrẹsì àti dòdò. Ní alẹ́, ó jẹ iyán, ìyá ọkọ mi sì bù sí i fún un nígbà tí ó ti yó. Nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó wá béèrè pé, kí ni ó mu?

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀. Ní àkókò yẹn, mo ń ta ohun mímu tútù ní iwájú ilé wa ní Òkè-Àdó, ní ìlú Ìbàdàn, láti fi ti owó oṣù lẹ́yìn. Fíríìjì náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ mi a máa mú ike ẹlẹ́rìndòdò kan bí ó bá ti ilé ìwé dé, nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́; a tún mú òmíràn lálẹ́ bí ó bá ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. N kò kà á sí oúnjẹ rárá. Omi tí ó dùn ni mo kà á sí. Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ike náà nígbà tí mo bá délé. Ìwọ náà lọ kà á. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé gíráàmù 10 ṣúgà wà nínú mílílítà 100, a jẹ́ pé ike 50 sẹ́ńtílítà gbé gíráàmù 50. Bí a bá ka ṣíbí tíì kékeré kan sí gíráàmù 4, ṣíbí méjìlá àti ààbọ̀ ni yìí. Ta ni yóò bu ṣíbí ṣúgà méjìlá sínú ife omi kan, tí yóò gbé e fún ọmọ rẹ̀, tí yóò sì ní kí ó mu ún tán? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí agbára tí a ń rí gbà láti inú irú ṣúgà báyìí má ṣe tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo èyí tí a ń jẹ lójúmọ́. Fún ẹni tí ń jẹ oúnjẹ tí agbára rẹ̀ jẹ́ kálórì 2,000, gíráàmù 50 náà nìyẹn, ike kan péré ti gbé e tán. Ọmọ mi ń mu méjì.

Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ohun mímu kì í yóni bí oúnjẹ. Ẹni tí ó bá jẹ àgbàdo sísè méjì yóò mọ̀ pé òun jẹun. Ẹni tí ó bá mu ike kan yóò ṣì jẹ iyán rẹ̀ ní àjẹpé. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti rí i pé ọ̀ràn wà níbẹ̀. Òfin Ìnáwó ọdún 2021 bu owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò tí a fi ṣúgà sí. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, àfi ìgbà tí mo ṣe ìṣirò rẹ̀ tí mo rí i pé náírà márùn-ún ni ó bọ́ sí orí ike 50 sẹ́ńtílítà kan. Ta ni náírà márùn-ún dá dúró rí?

Ó kan ohun tí ó ń fi ara rẹ̀ ṣe. Ọkọ mi ni ó ń fi ọkọ̀ gbé e láti Òkè-Àdó lọ sí ilé ìwé rẹ̀ ní ìhà Mọ́lété, ọ̀nà tí kò ju ìrìn ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Bí ilé ìwé bá ṣíwọ́, ó kan lẹ́sìnnì títí di aago márùn-ún. Lẹ́sìnnì wà ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú. Ní ilé, orí àga ni ó wà níwájú tẹlifíṣàn, tàbí kí ó tẹ orí ba fóònù mi. Àwọn onímọ̀ ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣe nǹkan tí ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́. Nígbà tí mo ṣírò ti ọmọ mi, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé àwa ará ìgbà yẹn gbọ́n jù yín lọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, mo ti máa ń pọn omi ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé, mo sì ń fi okùn fò, mo ń ta tẹ́ńtẹ́n títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó mú wa ṣe é. Kò sí owó ọkọ̀, kò sí omi ẹ̀rọ nínú ilé, kò sì sí nǹkan mìíràn tí a lè fi ṣeré. Nígbà tí owó díẹ̀ dé, ohun àkọ́kọ́ tí a fi í rà fún àwọn ọmọ wa ni kí wọ́n má rìn mọ́.

Mo tún ní ẹ̀bi mìíràn tí n kò lè fi pamọ́ fún ọ. Ní ilé ìwé tí èmi gan-an ti ń kọ́ni, èmi ni mo máa ń bẹ olùkọ́ eré ìdárayá pé kí ó fún mi ní àkókò tirẹ̀ bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, kí n lè parí iṣẹ́ Yorùbá. Ó máa ń fún mi. Àwọn ọmọ yẹn a jókòó fún wákàtí méje, n ó sì tún ní kí wọ́n má mira. Mo gbà pé mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ti oorun ni ó yà mí lẹ́nu jù. Nọ́ọ̀sì béèrè aago tí ó ń sùn. Ní àdúgbò wa nígbà náà, iná mọ̀nàmọ́ná sábà máa ń dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà náà ni gbogbo ilé yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ jí sí fíìmù. Ọmọ mi kì í sùn kí ó tó di aago méjìlá, aago márùn-ún ààbọ̀ ni a sì ń jí i. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Èyí tí ó wà láàrin ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10. Ara tí kò bá sùn tó a máa wá oúnjẹ kiri, pàápàá ohun dídùn, ẹni tí ó bá sì wà lójú fèrè ní òru ni ó ń ráyè jẹ ẹ́. Ìwọ tí o ń kàwé mọ́jú, tí o to bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò sí ẹ̀gbẹ́ àtùpà, ìwọ ni mo ń bá wí o.

Mo rò pé o ti ń retí pé kí n sọ pé a dé ilé, a yí gbogbo rẹ̀ padà, ọmọ sì fọn. Rárá o. Ìwàǹwára mú mi. Mo kó gbogbo nǹkan dídùn kúrò nílé, mo sì pàṣẹ pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́ mọ́. Àwa yòókù a jókòó yí iyán ká, òun a wà ní yàrá. Ìyá ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ni wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé o fẹ́ fi ebi pa ọmọ mi ni? Kí ni ó jí?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n sọ ọ́." Irọ́ ni mo pa. Ilé ìwòsàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbọ́ ìró nínú yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí. Mo rò pé eku ni. Nígbà tí mo tan iná fóònù, ọmọ mi ni mo rí, ó jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń fi ọwọ́ bu gààrí gbígbẹ jẹ, páálí ṣúgà wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí, ẹnu rẹ̀ kún. Bí mo bá gbé ayé pẹ́ tó báwo, n kò ní í gbàgbé ojú tí ó fi wò mí.

Nítorí náà, bí o bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé febi-pa-á ni oògùn ìsanrajù, tí ó bá sì jẹ́ pé èmi ni mo ń máàkì rẹ̀, n ó fa ìlà pupa sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa fa ìlà sí tíì àti àgúnmu tí wọ́n ń polówó pé ó ń fọ ọ̀rá dànù. Ẹnìkan ní òpópónà wa gbé ọ̀kan wá fún mi, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, kò sì dá a padà. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ gààrí òru fún un, ó mi orí. Ó ní ọmọ tí ń dàgbà kì í ṣe ẹran tí a ń bó. Ó ní kí a má tilẹ̀ lé kílò kankan. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró síbi tí ó wà, tí ó sì ń ga, gíga náà yóò bá wa ṣe èyí tí ó kù. Ó ní kí a má sì ṣe se ìkòkò ọ̀tọ̀ fún un. Ilé ni kí ó yí padà, kì í ṣe ọmọ nìkan.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. N kò ṣíwọ́ ọjà títà, nítorí pé a nílò owó náà, ṣùgbọ́n mo gbé fíríìjì náà kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí inú ìsọ̀, mo sì ń ti ìsọ̀ náà. Omi ni gbogbo wa ń mu nílé, títí kan bàbá wọn, ẹni tí ó kùn fún oṣù kan gbáko. Àwọn abọ́ ńlá tí a fi ń bu oúnjẹ, mo kó wọn sókè àjà. Abọ́ kékeré a kún, ojú a sì yó. Ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, òkèlè dín kù. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín gba ipò búrẹ́dì ní àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo ń dì í ní ìbẹ́pẹ tàbí ọsàn lọ sí ilé ìwé, kì í sì jẹ ẹ́ lójoojúmọ́; àwọn ọjọ́ kan wà tí mo mọ̀ pé pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni ó rà, n kò sì bi í. A kì í jẹun níwájú tẹlifíṣàn mọ́. Nígbà tí ó bá di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, fóònù gbogbo wa ti wà lórí tábìlì ní yàrá mi, ìbáà ṣe iná dé, ìbáà ṣe kò dé.

Ìyá ọkọ mi ni n kò rò pé a lè yí lọ́kàn padà. Àwọn náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ti sọ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n máa rìn, wọn kò rìn. Mo sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ní bí a bá fi ọmọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lè bá a ní kékeré, kì í ṣe àìsàn àgbàlagbà nìkan mọ́. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo jí, n kò rí àwọn méjèèjì nílé. Wọ́n ti jọ rìn lọ sí ìhà Pópó Yemọja, wọ́n sì ti ń bọ̀, ọmọ ń gbé àpò ìyá àgbà, ìyá àgbà ń sọ ìtàn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń rìn ín. Àwọn tí wọ́n ń bù sí i fún un tẹ́lẹ̀, ìtàn ni wọ́n ń bù fún un wàyí. Lẹ́sìnnì ọjọ́ Sátidé ni a fi dí i. Bàbá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní agbedeméjì ọ̀nà kí ó rìn dé ilé ìwé, bí òjò kò bá rọ̀. Gbogbo òbí kọ́ ni ó lè ṣe èyí, mo mọ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tí ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ọmọdé rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dá òbí lẹ́bi níbẹ̀.

Ti yẹ̀yẹ́ náà ńkọ́? Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé wọn, ṣùgbọ́n n kò lọ pẹ̀lú ìbínú mọ́. Mo sọ fún un pé ọmọ tí wọ́n bá ń pè ní Àgbá kò ní í jáde sí pápá, ọmọ tí kò bá sì jáde sí pápá yóò túbọ̀ sanra. Olùkọ́ eré ìdárayá wọn gbọ́, ó yí eré náà padà: dípò kí wọ́n máa sáré lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo kíláàsì máa wò, wọ́n ń ṣe é ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Inú rírun ọjọ́rú kò pẹ́ tán, ṣùgbọ́n ó tán. Ní ilé ìwé tèmi, n kò gba àkókò eré ìdárayá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Kí o má baà rò pé ọ̀ràn ilé kan ni mo ń tò fún ọ, gbọ́ èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 1990, ọmọ méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sanra jù láàrin àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 ní gbogbo ayé; ní ọdún 2022, ó ti di mẹ́jọ, tí iye wọn jẹ́ mílíọ̀nù 160. UNICEF sì kéde ní ọdún 2025 pé àwọn ọmọ tí ó sanra jù ti pọ̀ ju àwọn tí ó rù jù lọ ní àgbáyé, àfi ní apá ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà níhìn-ín àti ní Gúúsù Éṣíà. Àwa ṣì ní ọmọ tí ebi ń pa. Ní òpópónà kan náà, nígbà mìíràn nínú agbolé kan náà, ọ̀kan ń rù, èkejì ń wú, ẹlẹ́rìndòdò kan náà ni wọ́n sì ń fi àwòrán rẹ̀ hàn àwọn méjèèjì lórí pátákó ńlá ní ìkóríta.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, nọ́ọ̀sì tún gbé ọmọ mi lé ìwọ̀n. Kílò 66 náà ni. Ojú mi fà ro. Nọ́ọ̀sì ní kí n ní sùúrù, ó wọn gíga rẹ̀: mítà 1.57. Ó ní kí èmi tí mo jẹ́ tíṣà ṣe ìṣirò náà fúnra mi. Mo ṣe é, mo rí 26.8. Fún ọmọbìnrin tí ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá, ó ti bọ́ kúrò nínú ìsanrajù. Ó ṣì sanra díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ni ó jọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè lọ bá baba ńlá wọn ní sàréè pé kí ó wá gba ara rẹ̀ padà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2017, wọ́n ṣe eré ìje ilé sí ilé ní ilé ìwé wọn. Kò sọ fún mi pé òun fi orúkọ sílẹ̀. Èmi àti ìyá ọkọ mi jókòó lábẹ́ àtíbàbà, àfi bí mo ṣe rí i tí ó to sẹ́yìn ìlà fún eré mítà 400. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, mo ń tẹ́tí sí ìró àgbá. Ẹnikẹ́ni kò dún. Àwọn yòókù sáré kọjá ìlà òpin, òun ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ilé wọn ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Òun ni ó gbẹ̀yìn. Ó rìn wá bá wa lábẹ́ àtíbàbà, aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn. Ìyá ọkọ mi na ike ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ṣe àwọn òbí lálejò sí i. Ó wò ó, ó wò mí.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Omi ńkọ́?"